Ilé Méjì, Àmù Kan

Ẹnu Tong Fengxia kì í sinmi. Ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ katakata ní Changchun, ohùn rẹ̀ ló máa ń jí àwọn èèyàn láàárọ̀. "Ta ló da omi ọbẹ̀ sójú àtẹ̀gùn yìí? Ṣé ìyá yín ló máa wá nù ún ni?" Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, ìgbìmọ̀ àdúgbò sì ti fún un ní aṣọ pupa pénpé kan tó máa ń so mọ́ apá bó bá ń kan ilẹ̀kùn káàkiri: ẹ má kó kẹ̀kẹ́ dí ọ̀nà o, ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ o, ẹ pa iná ojú àtẹ̀gùn o. Inú rẹ̀ ń dùn sí aṣọ pupa yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ará ilé ń pè é ní Ọ̀gágun Tong lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ojo ni. Ojo paraku! Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n wọ́ bàbá rẹ̀ gun orí pèpéle, tí wọ́n dé e ní fìlà bébà gogoro lójú gbogbo ìlú, nítorí pé ó ní àgbàdo tí wọ́n ń pín kò kún ikùn. Wọ́n ti kọ́kọ́ rọra bi í ni: "Ṣé òótọ́ ni pé o sọ bẹ́ẹ̀?" Láti ọjọ́ náà ni Fengxia ti gbà pé bí ìjọba bá bi èèyàn ní ìbéèrè, kì í ṣe ìdáhùn ló ń wá, ẹni tó máa mú ló ń wá. Gbogbo ariwo tó ń pa kiri yẹn, ìbẹ̀rù ló fi ń bò mọ́lẹ̀.

Ó wá di ọdún kejì tí ìjọba fòfin de Falun Gong, ìdárayá àti ẹ̀kọ́ ọkàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Ewé igi ti ń wọ́ dànù, òtútù ti ń yọjú. Fengxia ń gbá ìsàlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, ni ọlọ́pàá Piao, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ àdúgbò náà, bá yọ sí i.

"Màmá Tong, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ilé yín níbí, ṣé ó ku ẹni tó ṣì ń ṣe Falun Gong?"

"Kò sí," ni Fengxia wí. Ọ̀rọ̀ náà ti fò jáde kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu.

"Ó dá yín lójú?"

"Ìwọ Piao, bí eku bá yọ ìrù nínú ilé yìí, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀?"

Piao rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí pé obìnrin kan ní àdúgbò kejì wọkọ̀ ojú irin lọ sí Beijing, ó lọ na aṣọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Falun Gong sí ní gbàgede ìjọba. Wọ́n ti yọ ẹni tó ń bójú tó ilé wọn, wọ́n sì ti lé ọmọ ẹni náà níbi iṣẹ́. Dapeng ọmọ yín ṣì wà nílé iṣẹ́ iná, àbí?"

"Ó... ó wà níbẹ̀."

"Kó máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi fúnra mi máa wá kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá máa tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí wọ́n bá ń kó kábéèjì wọlé, gbogbo èèyàn á wà nílé."

Nígbà tó lọ tán, Fengxia fara ti ògiri. Irọ́ tó pa kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Irọ́ ti di bárakú fún un, kò sí ilẹ̀kùn tó kàn tí kò parọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó parọ́ náà lé lórí ni wàhálà. Ní àjà kẹta, níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an, ni Luan Suzhen ń gbé. Suzhen ṣì ń ṣe Falun Gong, Suzhen kì í sì í parọ́.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ilé iṣẹ́ kan náà làwọn obìnrin méjèèjì ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe, wọ́n jọ ń rán aṣọ àga katakata, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé nígbà tí ilé iṣẹ́ ò rówó san mọ́. Ọgbẹ́ inú ń bá Suzhen jà nígbà náà. Kò lè gbé garawa omi, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó máa bá a san owó ilé ìwòsàn mọ́. Ẹnì kan ló mú un lọ sí pápá ìṣeré láàárọ̀, níbi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti ń gbé ọwọ́ sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé orin kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń ká ẹsẹ̀ jókòó pẹ̀lú ojú dídì. Kí òjò dídì ọdún náà tó yọ́ tán, Suzhen ti ń jẹ ata. Ó fa Fengxia lọ lọ́jọ́ kan. Fengxia ká ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà kú tipiri, ó yí gbirigbiri sórí koríko, ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Kò padà lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀: òtítọ́, àánú, ìfaradà. Àwọn ẹlòmíì mú un bí wọ́n ṣe lè mú un. Suzhen mú un bó ṣe rí gan-an. Ó dá ẹyin padà fún ẹlẹ́yin tó ṣi ẹyin kà, tó sì fún un lé. Ó kó ìbọ̀wọ́ tó jí nílé iṣẹ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn lọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ọkùnrin náà rò pé orí rẹ̀ ti yí. Nígbà tí ìyàwó Dapeng kọ́kọ́ se oúnjẹ fún wọn, tó sì béèrè bó ṣe rí, Suzhen ní, "Ọmọ mi, iyọ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ mọ́." Fengxia bínú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló jẹ oúnjẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí i pé iyọ̀ ti pọ̀ jù lóòótọ́.

Fengxia sáré gun àtẹ̀gùn, kò kan ilẹ̀kùn, ó wọlé ṣáá. Suzhen ká ẹsẹ̀ sórí ibùsùn lọ́sàn-án gangan, ó ti fa aṣọ fèrèsé pa.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ sọ ẹsẹ̀ yín kalẹ̀!"

Suzhen la ojú kan. "Kí ló dé? Ṣé iná ń jó ilé ni?"

"Ó burú ju iná lọ. Piao ń bọ̀ wá bi yín bóyá ẹ ṣì ń ṣe é. Ẹ kàn sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré! Bó bá ti lọ, ẹ máa ká ẹsẹ̀ yín lọ nínú yàrá. Ta ló máa rí yín?"

"Èmi máa rí ara mi."

"Ẹ gbà mí o! Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n dá mi lóhùn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ tún ayé ṣe ni?"

"Mi ò tún ayé ṣe, Fengxia. Inú tó ń run mí ni mo tún ṣe." Suzhen ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi wo ojú Fengxia dáadáa. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kò sí."

Shi Delu, ọkọ Suzhen, tó ń bó àlùbọ́sà níbi ìdáná, dá ọwọ́ dúró.

"O ò bá ti má sọ bẹ́ẹ̀," ni Suzhen wí.

"Kí n wá sọ kí ni? Kí n fà yín lé e lọ́wọ́?"

"Kó o ní kó wá bi mí. Ní báyìí, bó bá bi mí, tí mo sọ òótọ́, ìwọ ni irọ́ máa já mọ́ lórí."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé yín!" Omi ti bọ́ lójú Fengxia. "Wọ́n á lé Dapeng. Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí gidi gan-an."

Suzhen di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ kí n rò ó," ló wí. Fengxia ò gbọ́ kí Suzhen sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa irọ́ kankan, ìyẹn sì fún un ní ìrètí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrètí ò jẹ́ kó sùn. Bí bàtà bá dún lórí àtẹ̀gùn, á dìde jókòó. Bí tẹlifíṣọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú Falun Gong pé ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń ba ìlú jẹ́ ni, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, á dín ohùn rẹ̀ kù kí Suzhen má baà gbọ́, á tún gbé e sókè kí àwọn ará ìsàlẹ̀ má baà rò pé òun dín in kù. Ayé wo nìyẹn? Níkẹyìn ó pète. Suzhen ní àbúrò ní abúlé kan lẹ́bàá Nong'an. Kó lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò sí nílé, wọn ò lè bi í.

"Ta ló máa bá ọ rẹ kábéèjì sínú iyọ̀?" ni Suzhen béèrè.

"Kábéèjì! Orí ẹni ń lọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ kábéèjì!"

Ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà mọ̀. Àmù ńlá kan ṣoṣo làwọn ilé méjèèjì ní, ojú àtẹ̀gùn láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì ló ń gbé, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Odò ni Delu ti gbé òkúta náà wá lọ́dún tí wọ́n bí Dapeng. Kábéèjì kíkan yẹn ni wọ́n ń jẹ látìgbà tí ilẹ̀ bá ti di yìnyín títí tí ewé tútù á fi tún hù. Ọwọ́ Suzhen ló mọ iyọ̀ rẹ̀. Fengxia dán an wò lẹ́ẹ̀kan lóun nìkan, ó rà, àwọn ará òkè ní òkú ẹran ló ń rùn. Suzhen sì máa ń sọ pé bí ọwọ́ àwọn tó ń tò ó bá ní ìkùnsínú sí ara wọn, kábéèjì á mọ̀, á bàjẹ́.

"Ọkọ̀ kábéèjì ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀," ni Suzhen wí. "Bí a bá ti gbé òkúta lé e, mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Mo ṣèlérí."

Fengxia ò bá a jiyàn. Ẹ ò rí nǹkan! Ó lè ti obìnrin náà wọ bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó mọ̀ pé àkókò kábéèjì ni Piao dá, ṣùgbọ́n ó ro ti òtútù, ó ro ti aboyún ilé rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ọkọ̀ kábéèjì dé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó ti àmù lórí àpótí, wọ́n ti ká aṣọ dé ìgbọ̀nwọ́. Fengxia ń fi kábéèjì sínú omi gbígbóná, ó ń nà án fún Suzhen, Suzhen ń tò ó ní ìpele ìpele, ó ń wọ́n iyọ̀ sí i. Aṣọ tí Suzhen máa dì lọ sí Nong'an ti wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọkàn Fengxia ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀, ó tiẹ̀ ti ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, ni bàtà bá dún lórí àtẹ̀gùn. Bàtà èèyàn méjì ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá," ni Piao wí. "Òórùn yìí ti dé ìsàlẹ̀." Ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án o!" Ohùn Fengxia lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ọwọ́ tó kan òróró máa ń bà á jẹ́."

"Mo mọ̀, Màmá. Ìyá mi náà ń ṣe é."

Oníjákẹ́ẹ̀tì ò rẹ́rìn-ín. "Bi í," ló wí.

Piao wo ilẹ̀. "Màmá Luan, ẹ má bínú, gbogbo ilé là ń bi. Ṣé ẹ ṣì ń ṣe Falun Gong?"

"Wọ́n ti jáwọ́ tipẹ́!" ni Fengxia gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́ ni..."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n bi?" ni Oníjákẹ́ẹ̀tì wí. Ọmọ tí kò ju Dapeng lọ!

Suzhen yọ ọwọ́ nínú àmù, ó gbọn omi rẹ̀ dànù, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó wá gbójú sókè wo Fengxia. Gbogbo ohun tó wà lára Fengxia ló ń bẹ̀ ẹ́: ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan.

"Mo ṣì ń ṣe é," ni Suzhen wí.

Kò pariwo, kò sì ṣe bí akọni. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó sọ fún ìyàwó Dapeng pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Oníjákẹ́ẹ̀tì yíjú sí Fengxia. Ó wo aṣọ pupa tó wà lápá rẹ̀. "Ìwọ lo ní kò sí ẹnikẹ́ni nílé yìí. O mọ̀ àbí o ò mọ̀?"

Jìnnìjìnnì bo Fengxia. Bàbá rẹ̀ ló ń rí, bàbá rẹ̀ lórí pèpéle pẹ̀lú fìlà bébà. Ẹnu tí kì í sinmi ò rí nǹkan kan sọ.

"Kò mọ̀," ni Suzhen wí. Etí rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ kọsẹ̀ bí ti ọmọdé tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Mo... mo sọ fún un pé mo ti jáwọ́. Mo fa aṣọ fèrèsé pa. Mo tàn án jẹ."

Háà! Suzhen tó dá ẹyin padà! Suzhen tó kó ìbọ̀wọ́ ogún ọdún lọ fún ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́! Fengxia wò ó, etí rẹ̀ ò gba ohun tó gbọ́. Obìnrin yìí kọ̀ láti parọ́ kó lè gba ara rẹ̀ là. Èyí tó wá pa yìí, tòun Fengxia ni.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni Oníjákẹ́ẹ̀tì bi Fengxia.

"Òótọ́ ni," ni Fengxia wí. "Mi ò mọ̀." Ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó fi mọ síbẹ̀. Ohùn tó fi ń kan ilẹ̀kùn ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn Ọ̀gágun Tong, tí gbogbo àtẹ̀gùn gbọ́: "Ó tàn mí jẹ! Ẹ wo irú èèyàn tí mò ń bá jẹun!"

Wọn ò jẹ́ kí Suzhen wọ bàtà. Delu sáré mú aṣọ òtútù jáde, ó fi bò ó léjìká. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yà, Suzhen bojú wẹ̀yìn.

"Fengxia, iyọ̀ ìpele òkè ò tíì tó o. Fi kún un."

Fengxia fi kún un. Òun àti Delu gbé òkúta lé e. Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí kí kábéèjì náà rà. Ó fẹ́ kó rà. Ìkùnsínú kọ́ ló wà lọ́wọ́ òun, ohun tó burú ju ìyẹn lọ ni, kábéèjì ò sì lè ṣàìmọ̀. Nígbà tó tó àkókò, ó ṣí i, ó fi imú sí i. Kò rà. Ó kan dáadáa, ó mọ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. "Màmá, tọdún yìí dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Dapeng wí pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Fengxia dìde, ó wọ ilé ìgbẹ́, ó bì. Wọn ò lé Dapeng níṣẹ́. Wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin ni.

Delu kì í wá bu ìdajì tirẹ̀ nínú àmù. Ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àgọ́ ìtìmọ́lé tí wọ́n kó Suzhen àtàwọn bíi tirẹ̀ sí, wọ́n ń dá a padà: ìyàwó rẹ̀ ò tíì gbà láti sọ pé òun ti jáwọ́, kò lè rí i. Bí Fengxia bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, á sáré ti ilẹ̀kùn, á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn wá ń bẹ̀rù ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Ewé tún wọ́. Àwọn ọkùnrin méjì gbé àpótí kékeré kan wá, eérú Suzhen ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣojú ìgbìmọ̀ àdúgbò wá ṣe ẹlẹ́rìí pé àwọn fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, Fengxia sì dúró lójú àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ pupa lápá, ó ń wo Delu tó gba àpótí náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Delu ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn ń yọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ọkọ̀ kábéèjì dé. Fengxia lọ ra ti ilé méjì, ọwọ́ rẹ̀ ló rà á, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Nígbà tó kó o dé ojú àtẹ̀gùn, tó rí iye rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ló tú aṣọ pupa kúrò lápá, ó sì kan ilẹ̀kùn tó ń sá fún.

"Ẹ̀gbọ́n Delu, mo mọ̀," ló wí kí ọkùnrin náà tó ṣílẹ̀kùn tán. "Ọjọ́ yẹn, mo mọ̀. Kò tàn mí jẹ. Èmi ni mo..."

Delu ṣí i tán. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun tán. "Gbogbo ilé yìí ló mọ̀, Fengxia. Piao gan-an mọ̀, ìyá rẹ̀ bá Suzhen ká ẹsẹ̀ ní pápá rí. Ìwọ nìkan ni wọ́n bi bóyá o mọ̀."

Fengxia ń mi orí. "Kò parọ́ rí. Kò parọ́ rí láyé rẹ̀, nítorí mi ló..."

"Wọ́n jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ara rẹ̀ ò yá," ni Delu wí. "Kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi mí bóyá Dapeng ṣì wà níbi iṣẹ́. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé, irọ́ yẹn, òun ò kábàámọ̀ rẹ̀."

Fengxia di ara ilẹ̀kùn mú, ó sunkún bí kò ṣe sunkún nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Bàtà dún nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ Fengxia sì lọ sí apá rẹ̀ láti wá aṣọ pupa tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ará àjà kejì ni, ó wọlé rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wá ràn mí lọ́wọ́," ni Delu wí. "Mi ò lè dá gbé òkúta yẹn mọ́."

Wọ́n tò ó ní ìpele ìpele. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àmù kún, Fengxia bu iyọ̀ sọ́wọ́, ó wọ́n ọn, ó dúró. Ó bojú wo Delu, Delu náà bojú wò ó. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn bóyá iyọ̀ náà ti tó.